Eruku Ẹsẹ̀ Ṣẹhata

Wọn kì í gbálẹ̀ lẹ́yìn arìnrìn-àjò nílé Nabawiya. Òótọ́ ni pé kò sí ilé kan lábúlé náà tí wọ́n ti ń gbálẹ̀ lẹ́yìn arìnrìn-àjò, kí wọ́n má baà gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù kúrò nílé, ṣùgbọ́n ti àwọn yòókù kì í kọjá ọ̀sán. Bí ẹni tó ń lọ bá ti rìn jìnnà díẹ̀, ìyàwó ilé a gbé ìgbálẹ̀, ayé a sì máa lọ. Nílé Nabawiya, ìgbálẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ títí ẹni tó lọ yóò fi ránṣẹ́ pé òun ti gúnlẹ̀ ní àlàáfíà.

Kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn, nítorí gbogbo wọn ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Abdutawabu ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń gé òkúta funfun lórí òkè, Nabawiya tó jẹ́ ìyàwó tuntun nígbà náà sì gbá yàrá mọ́ tónítóní lẹ́yìn rẹ̀, torí ó fẹ́ kí ìyá ọkọ òun yin òun. Wọ́n gbé Abdutawabu wálé kí oòrùn tó wọ̀. Òkúta ti ya lù ú. Àwọn àgbà sọ fún opó náà, lèmọ́mù náà sọ fún un, pé òkúta ló pa ọkọ rẹ̀, ìgbálẹ̀ kì í pa èèyàn. Ó gbọ́ wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Oyún wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí òkúta ya yẹn. Oyún náà ló wá di Ṣẹhata, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tí òun náà ti wá di bàbá ọmọ báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, bí wọ́n ṣe kírun àsùbáà tán, Ṣẹhata bá àwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ rẹ̀ gun ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, wọ́n kọrí sí Salumu, níbi tí wọ́n ń gbà wọ Líbíyà, nítorí wọ́n ní ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́hùn-ún kò lóǹkà. Ó fẹnu ko orí ìyá rẹ̀, ó fẹnu ko ẹ̀rẹ̀kẹ́ Nawara ọmọ rẹ̀, ó wo Inṣiraha ìyàwó rẹ̀ bí ọkọ ṣe ń wo ìyàwó níwájú ìyá, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nabawiya ní kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn. Kò fi mọ síbẹ̀, ó ní kí fèrèsé méjèèjì náà wà ní ṣíṣí gbayawu títí di ìrọ̀lẹ́, kí ọ̀nà ilé má baà dí mọ́ ọmọ òun. Èyí kò sí nínú àṣà bàbá ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù tó ń bà á ló bí àṣà tuntun yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Inṣiraha yọjú síta, ó rí i pé ojú ọ̀run ti ń pọ́n.

"Ìyá, ó jọ pé ìjì yanrìn ń bọ̀ o," ló wí. "Ẹ jẹ́ n ti fèrèsé ọ̀dọ̀ ọmọ, nítorí àyà rẹ̀."

"Ọdọọdún ni ojú ọ̀run ń pọ́n," ni Nabawiya dá a lóhùn. "Jókòó jẹ́ẹ́ o jàre, Ìyá Nawara. Ọkọ rẹ ló wà lójú ọ̀nà, kì í ṣe ojú ọ̀run."

Ìjì náà dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ ọ́n, ọdọọdún ló ń ti aginjù wá bí òtútù bá ti ń lọ, ṣùgbọ́n ti ọdún yìí bínú wá ni. Kí Inṣiraha tó sáré dé fèrèsé àkọ́kọ́, ilé ti kún. Nígbà tí wọ́n fi ti gbogbo rẹ̀ tán, èèyàn kò mọ àwọ̀ ẹní mọ́, kò mọ àwọ̀ ìrọ̀rí, eruku sì bo ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì láti igun dé igun bí ìgbà tí wọ́n da ìyẹ̀fun sílẹ̀. Iná lọ. Iná tó lọ mú ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Inṣiraha tẹ fóònù títí, kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Nawara bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ikọ́ fée ló ń ṣe ọmọ náà láti kékeré. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn abúlé kejì ti kìlọ̀ fún wọn pé eruku ni ọ̀tá rẹ̀, ó sì fún wọn ní oògùn kan tí wọ́n ń fín sí i lẹ́nu bí èémí rẹ̀ bá ti fẹ́ há. Oògùn náà ti ń tán lọ. Ọ̀kan nínú ohun tó lé bàbá rẹ̀ lọ sí Líbíyà nìyẹn.

Wọ́n jókòó lójú kan lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, nítorí bí ẹsẹ̀ kan bá ti sún, eruku á dìde. Inṣiraha gbọn ìbora, ó kábàámọ̀ pé òun gbọn ọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, ìjì ṣì ń gbá ilẹ̀kùn, àyà ọmọ sì ti ń sú fée. Bó bá mí sínú, awọ ara rẹ̀ á wọlé láàárín egungun ìhà. Kò sunkún, nítorí kò rí èémí tí yóò fi sunkún. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ kiri ilé, ohun tó sì ń ba Nabawiya lẹ́rù jù nìyẹn, torí ọmọ tó ń sunkún ṣì lágbára.

Inṣiraha ní kí àwọn gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn díẹ̀ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i, wọn kò sì rí ògiri ilé tó kọjú sí wọn. Kò sí kẹ̀kẹ́ tí yóò jáde nínú irú èyí, ẹni tó bá sì gbé ọmọ bẹ́ẹ̀ síta, ó ti gbé e lé ọ̀tá rẹ̀ lọ́wọ́ nìyẹn. Inṣiraha wá ní ó dáa, kí òun gbálẹ̀ nígbà náà, kí òun kó eruku yìí kúrò lójú ọmọ. Nabawiya ní kó má dán an wò. Inṣiraha bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà ń mi orí ṣáá.

"Ọmọ mi ò tíì gúnlẹ̀," ló wí.

"Ìyá, ọmọ tiyín ò tíì gúnlẹ̀," ni Inṣiraha wí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀, "ọmọ tèmi ló ń kú lọ lójú mi yìí."

Ó dìde, ó fa ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.

Ìbínú ló fi gbá a, ìbẹ̀rù ló fi gbá a. Ó ń gbá a bí ẹni ń lu ejò. Eruku tó ti rọra sùn sílẹ̀ láti àná bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ó kún yàrá dé àjà, wọn ò rí ara wọn mọ́. Nawara wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ikọ́ náà sì dúró. Fée tó ń sú láyà rẹ̀ náà dúró. Ẹni tí kò bá mọ àìsàn náà ni yóò rò pé ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Nabawiya mọ̀ ọ́n. Ó sáré la eruku kọjá, ó já ìgbálẹ̀ gbà, ó jù ú sí igun ilé, ó sì gbé ọmọ náà jókòó kó má sùn gbalaja. Ètè ọmọ ti ń ṣú. Inṣiraha fín oògùn sí i lẹ́nu, ó mì í, ó tún fín in. Nígbà tó mì í lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́.

Díẹ̀ díẹ̀ ni èémí padà, tínínrín bí òwú. Nabawiya gbójú sókè. Ìmọ́lẹ̀ pupa kan ń gba ihò fèrèsé wọlé, ó sì rí eruku tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni ọmọ yìí yóò fà símú. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn ni yóò máa tú u sókè títí ìjì yóò fi lọ, oògùn kò sì sí mọ́. Bí wọ́n bá gbá a ní gbígbẹ, wọ́n á pa ọmọ. Bí wọ́n bá gbá a rárá, Ṣẹhata ńkọ́?

Àwọn àgbà ní bí iná bá jóni tó sì jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Wọn ò sọ èyí tí a ó kọ́kọ́ gbọ̀n bó bá jẹ́ ọmọ ẹni àti ọmọ ọmọ ẹni. Nabawiya jókòó síbẹ̀, ó ń wá èwo nínú méjèèjì lòun lè fi ṣòfò, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun kò ní ọ̀kankan tí òun lè fi ṣòfò.

Ó ní kí Inṣiraha fi aṣọ tútù bo ẹnu àti imú ọmọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó gbé e sí igun tó jìnnà jù, kó má sì rìn. Ó bọ́ bàtà. Àmù tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti lọ sí ìdajì, omi mímu wọn kò ju ìyẹn lọ. Ó bù díẹ̀ nínú rẹ̀, ó ní Bisimilahi nítorí àwọn tí ojú kì í rí tí wọ́n ń gbé ilẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ omi, ó sì ń ta á sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wọ́n omi sí aṣọ tí wọ́n fẹ́ lọ̀. Kò jẹ́ kó pọ̀, nítorí bó bá pọ̀, ẹrẹ̀ ni yóò dà. Ó dúró. Ó mú sùúrù títí ilẹ̀ fi pa àwọ̀ dà.

Agolo òróró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù náà tí wọ́n ń da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tíì sí, tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ sí ìdí ewé míńtì. Ilé tí wọ́n ti ń mu tíì láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá sùn, agolo rẹ̀ kì í ṣófo. Nabawiya bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà, ó fún un títí kò fi kán mọ́, ó sì fọ́n ọn káàkiri ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rántí, àfi pé ìbẹ̀rù a máa gba ìmọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Ó ki ẹnu ìgbálẹ̀ bọ omi, ó gbọ̀n ọ́n nù, ó bẹ̀rẹ̀.

Kò gbé ìgbálẹ̀ sókè. Ó tẹ́ ẹ mọ́lẹ̀, ó ń fà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ, ewé tíì sì ń yí mọ́ eruku, ó ń dì í ní kókó kókó. Eruku kò dìde. Inṣiraha ń wo ìmọ́lẹ̀ pupa yẹn láti igun tó wà, ó rí i pé ó ń mọ́ díẹ̀ díẹ̀. Ohun tí kò rí ni ojú ìyá ọkọ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ìgbálẹ̀ bá fà, bíi pé ẹsẹ̀ Ṣẹhata ni òun ń fà ló ń rí lára obìnrin náà. Ibi tí Ṣẹhata kírun sí. Ibi tó jókòó sí jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà láàárọ̀ àná. Ibi tó dúró sí wọ bàtà. Nígbà tó dé ibi bàtà yìí, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń bẹ ọkọ rẹ̀ tó ti kú pé kó má bínú, kó bá òun di ọmọ mú lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó gbá ibẹ̀ pẹ̀lú.

Ó ku ibi tí wọn yóò dà á sí. Wọn a máa dà á síta ni, níwájú ilé, kí atẹ́gùn gbé e lọ. Nabawiya kò lè ṣe é. Ó wo òkìtì kékeré tútù yẹn títí, ó sì lọ gbé ìṣaasùn amọ̀ tó fi ń se ìrẹsì, ó fi ọwọ́ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìṣaasùn, ó dé e, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Ṣẹhata. Ó rẹ àkísà sómi, ó fi nu ojú fèrèsé, ó nu orí àpótí, omi tó ṣẹ́kù lára àkísà náà ló sì fún sínú ìṣaasùn kan náà.

"Ṣẹhata, kò sí ohun tó jáde," ló wí fún ìṣaasùn náà. "Gbogbo eruku ẹsẹ̀ rẹ wà nílé."

Inṣiraha gbọ́ ọ. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà sùn bí ọ̀sán ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Àyà rẹ̀ ṣì ń sú fée, ṣùgbọ́n ó ń sùn, àwọ̀ sì ti padà sí ètè rẹ̀. Ìjì náà rọ̀ díẹ̀ nígbà tó yá, ìgbà náà ni Tafida, aládùúgbò wọn tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́, wọlé tòun ti ìborùn tó fi dí imú. Ó ní òun wá wo ọmọ ni. Irọ́ ni, ìròyìn ló gbé e wá, ó sì ti ń ta á lẹ́nu láti ojúde. Ó ní ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n òun tó ní rédíò oníbátìrì gbọ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó bíríkìlà ti ṣubú nínú ìjì lójú ọ̀nà Salumu, àwọn kan sì ti kú. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó wolẹ̀.

"Háà, Ìyá Ṣẹhata," ló wí. "Ẹ ti gbálẹ̀?"

Tafida kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹnu rẹ̀ ló kàn máa ń ṣáájú ọgbọ́n rẹ̀ rìn. Ó rí ohun tó ti ṣe, ó ní Ọlọ́run á pa gbogbo àwọn arìnrìn-àjò mọ́, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde.

Nabawiya lọ jókòó ti ìṣaasùn. Ara rẹ̀ ti tutù. Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn, ó ti mọ̀ ọ́n láti àárọ̀. Wọn á gbé e wálé kí oòrùn tó wọ̀, bí wọ́n ṣe gbé bàbá rẹ̀. Inṣiraha wá jókòó tì í, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà, torí ìyá ọkọ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ara kàn. Ẹ̀rù tirẹ̀ kò kéré. Ìgbàkigbà tí atẹ́gùn bá gbá ilẹ̀kùn ni àwọn méjèèjì ń mì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ìgbálẹ̀, Ìyá," ni Inṣiraha wí. "Bí ohunkóhun bá ṣe é, èmi ni."

"Èmi ni mo gbá a tán," ni Nabawiya dáhùn. "Ẹni tó bá parí iṣẹ́ ló niṣẹ́. Má gbé ẹrù mi fún ara rẹ, o ṣì kéré."

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ fi ń yẹ̀ lójú fèrèsé. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ níta, ẹsẹ̀ tó wúwo, tó ń wọ́. Nabawiya di ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú. Wọn kò kanlẹ̀kùn, wọ́n tì í ni.

Ṣẹhata ló dúró síbẹ̀. Wọn ì bá má mọ̀ ọ́n bí kò bá jẹ́ gígùn rẹ̀, nítorí irun rẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló di àwọ̀ ilẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tó wà níwájú tiwọn ló ṣubú, kì í ṣe tiwọn. Awakọ̀ wọn sì ṣẹ́rí padà, ó já wọn sílẹ̀ ní títì, òun sì ti ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ìgbà náà. Kò tíì sọ ọ́ tán tí Nawara fi jí, tó rí bàbá rẹ̀, tó ju ìbora nù. Ṣẹhata na apá méjèèjì, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé.

Nabawiya fò dìde, ó sì na apá dí ẹnu ọ̀nà.

"Má wọlé."

"Ìyá?"

"Mo ní o ò gbọdọ̀ wọlé. Inṣiraha, di ọmọ yẹn mú. Gbé omi wá."

Ṣẹhata dúró síta, kò mọ ohun tó ṣe. Ìyá rẹ̀ ti àkísà bọ omi, ó fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ó nu irun rẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n. Ó nu ojú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń nu ojú ọmọ ọwọ́, ó bọ́ ẹ̀wù òkè kúrò lọ́rùn rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ká a sínú kí eruku má fò. Ó dé ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nù wọ́n, ó tún nù wọ́n, títí Ṣẹhata fi ní, "Ìyá, wọ́n ti mọ́," kó tó yọ̀ǹda kó wọlé sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Inú Inṣiraha dùn débi pé kò mọ ohun tí yóò fọwọ́ ṣe. Ó gbé ìṣaasùn náà, ó ń gbé e lọ síta láti dà á nù, torí ẹni tó ni eruku ti dé, ó sì ti rí ìbànújẹ́ tó pọ̀ tó nínú ìkòkò yẹn. Ṣẹhata ti gbé Nawara lé itan, ó ń fi etí sí àyà rẹ̀, kò sì wo ẹnikẹ́ni nígbà tó sọ̀rọ̀. Ó ní oògùn ọmọ ti tán, òun ti rí i. Ó ní awakọ̀ ní àwọn yóò tún gbéra lọ́jọ́ Àìkú bí ìjì bá ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Inṣiraha dúró ní ẹnu ọ̀nà tòun ti ìṣaasùn lọ́wọ́. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀.

"Gbé e padà," ni Nabawiya wí.

Inṣiraha gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Nabawiya ṣí i, ó fún àkísà tó fi nu ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀ títí kò fi kán mọ́, ó sì dé e.